Oògùn ń ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ tún ń padà wá: ọ̀rọ̀ àtọ̀sí ajá ní abúlé kan létí dáàmù

Abúlé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí wà létí dáàmù kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, torí àwọn ọmọ tọ́rọ̀ kàn ti ń di géńdé, wọn ò ní fẹ́ kí wọ́n máa fi nǹkan yìí dá àwọn mọ̀. Ibẹ̀ ò tóbi. Àwọn àgbẹ̀ tí baba wọn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó sé odò, àwọn apẹja tó tẹ̀lé omi dé lẹ́yìn náà, Ẹ̀gùn pọ̀ nínú wọn, àwọn míì wá láti òkè Ọya lọ́hùn-ún, iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, mọ́ṣáláṣí kan, ṣọ́ọ̀ṣì méjì, àti sẹ́ńtà ìlera kan tó jẹ́ pé ọjọ́ ọjà lẹ máa tó bá nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ àwọn abúlé etí dáàmù Ọ̀yán tí wọ́n ṣí ní 1983 á ti mọ irú ibi tí mò ń sọ, àtọ̀sí ajá, àrùn aràn tó ń mú kéèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, ti di ará ilé fún wọn lọ́hùn-ún tipẹ́. Kì í kúkú ṣe Ọ̀yán nìkan. Ní Sẹ̀nẹ̀gà, wọ́n parí dáàmù Diama ní 1986, kò pé ọdún mẹ́ta sí i tí irú àrùn yìí kan náà, èyí tó ń mú ìfun, fi bẹ́ sílẹ̀ ní Richard-Toll. Ibi tí wọ́n bá ti sé odò, tí omi ò sàn mọ́, tí koríko hù létí ẹ̀, ìgbín omi máa ń dé, ohun tó ń gbé inú ìgbín náà á sì bá a dé.

Tísà kan ló ké sí àwa òṣìṣẹ́ ìlera. Ó ní tí wọ́n bá ti lu aago ìsinmi, àwọn ọmọkùnrin á tò sẹ́yìn ògiri iléèwé láti wo ẹni tí ìtọ̀ ẹ̀ máa lọ jìnnà jù, tí ìtọ̀ bá sì fẹ́ parí, ti ọ̀pọ̀ nínú wọn á pọ́n wẹ̀ẹ̀. Ohun tó wá dun tísà yẹn ni pé ẹni tí tiẹ̀ ò pọ́n ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kò tíì dàgbà. Àwọn ọmọbìnrin ò jẹ́ sọ tiwọn ní tiwọn. Tí ọmọbìnrin bá ní òun ń tọ ẹ̀jẹ̀, ìbéèrè tí wọ́n á kọ́kọ́ bi í ni pé ta ló bá a sùn, ó sàn kó pa á mọ́ra.

Kò sẹ́ni tí ò mọ àrùn náà lábúlé o. Àwọn àgbà kan ní ibi tí ajá tọ̀ sí lọmọ lọ tọ̀ lé, àwọn kan ní oòrùn ló mú un, àwọn kan ní ọmọ náà ń jẹ nǹkan dídùn jù. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀ ni pé oògùn ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Praziquantel, èyí tí wọ́n máa ń pín ní iléèwé, wọ́n ti pín in fún wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Tí àwọn ọmọ bá ti lò ó, ẹ̀jẹ̀ á dá, ìtọ̀ á mọ́ gaara, ìyá á dúpẹ́. Kí ọdún tó yípo, ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan wò mí lójú, ó ní, "Ẹ̀yin dókítà wọ̀nyí, èyí tó ti bàjẹ́ lẹ máa ń kó wá fún wa, èyí tó dáa ẹ ti tà á l'Ábẹ́òkúta." Báálẹ̀ ò sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu tiẹ̀, àmọ́ kò bá obìnrin náà wí. Nígbà tá a fi máa débẹ̀, àwọn òbí kan ti ń kọ́ ọmọ wọn pé kó fi oògùn sábẹ́ ahọ́n, tí tísà bá ti kọjá, kó lọ tu ú dà nù.

Oògùn la wá kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò, torí tó bá jẹ́ ayédèrú lóòótọ́, gbogbo ohun tá a bá ń sọ lẹ́yìn ẹ̀, ẹnu lásán ni. A gba ìtọ̀ àwọn ọmọ láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, ìgbà yẹn lẹyin aràn máa ń pọ̀ jù nínú ìtọ̀, a ní kí wọ́n sáré yí pápá ká díẹ̀ kí wọ́n tó lọ tọ̀. A fi sìríńjì fa mílíìlítà mẹ́wàá, a tì í gba inú fítà tínńtín kan kọjá, fítà yẹn la gbé sábẹ́ maikirosikóòpù. Ẹyin Schistosoma haematobium, aràn tó ń fa àtọ̀sí ajá, ẹni tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan ò ní ṣì í mú mọ́: ó gùn díẹ̀, ó ṣe roboto láàárín, ẹ̀gún ṣóńṣó kan wà ní ìdí ẹ̀, nínú àwọn míì ẹ máa rí ọmọ inú ẹ̀ tó ń mira. Lẹ́yìn ìyẹn a fún wọn ní oògùn, wọ́n jẹun tán kí wọ́n tó lò ó, a fi ọ̀pá wọn bí wọ́n ṣe ga tó ká lè mọ iye hóró tó kan kálukú, ìṣójú wa sì ni wọ́n ti gbé e mì. Nígbà tá a padà wá yẹ ìtọ̀ wọn wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ẹyin ti pòórá nínú ti ọ̀pọ̀ wọn, nínú ti àwọn díẹ̀ tó kù, ó ti dín kù gidi gan-an.

Oògùn dáa. Ìyẹn ti jáde nílẹ̀. Àwọn díẹ̀ tó kù yẹn náà ò yani lẹ́nu, torí aràn tó ti gbó ni praziquantel ń pa, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, oògùn ò fi bẹ́ẹ̀ ràn án, á kàn máa dàgbà nìṣó ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé níbi tí àrùn bá ti le, ó dáa kéèyàn tún un lò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ìbéèrè wá yí padà. Kì í ṣe "kí ló ṣe oògùn" mọ́, "ibo ni wọ́n ti ń kó tuntun" ló kù.

Ibi tọ́rọ̀ ti lọ́jú nìyí, torí olóṣèlú kan ti gbẹ́ bóòhóòlù fún wọn, omi ẹ̀ sì ń yọ. Àwọn àgbà abúlé gbà pé ìyẹn nìkan ló yẹ kó parí ọ̀rọ̀ náà, àwọn kan nínú àwa òṣìṣẹ́ ìlera náà gbà bẹ́ẹ̀, mi ò sì rò pé ìrònú òmùgọ̀ ni, torí ohun tójú wọn ti rí ni wọ́n ń rò. Sòbìà ni wọ́n rántí. Bàbá kan gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ sókè, ó fi àpá hàn wá ní ọrùn ẹsẹ̀, ibi tí sòbìà ti yọ lára ẹ̀ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, tó fi ìgbà iṣẹ́ oko sùn sílé. Ẹ rántí pé nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní sòbìà ní Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1980, iye wọn ju 600,000 lọ, ìgbẹ̀yìn tá a rí i ni November 2008, ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fún wa níwèé pé ó ti tán. Kí ló pa á? Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi mu, kànga àti bóòhóòlù, oògùn tí wọ́n ń dà sínú adágún omi, àti pé wọn ò jẹ́ kí ẹni tí sòbìà ń yọ lára ẹ̀ ki ẹsẹ̀ bọ omi mímu. Nítorí náà lójú bàbá yìí, omi mímu tó mọ́ ni òpin àrùn omi.

Àmọ́ ẹ wo ibi tí ọ̀nà ti yà. Alágbàtọ́ sòbìà, ìyẹn ohun tó ń gbé e sínú kó tó dé ara èèyàn, ni kòkòrò inú omi kan tó kéré débi pé ojú ò fẹ́ẹ̀ rí i, cyclops ni wọ́n ń pè é, ẹnu lèèyàn sì fi ń gbé e mì pẹ̀lú omi, tí aṣọ bá ti dá a dúró, ó parí. Alágbàtọ́ ti àtọ̀sí ajá ni ìgbín, kò sì sẹ́ni tó ń mu ìgbín. Aràn náà á dàgbà díẹ̀ nínú ìgbín, á jáde fúnra ẹ̀ sínú omi, á wá gba awọ ara wọlé sára èèyàn láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Kò bèèrè ẹnu, kò bèèrè egbò. Ẹni tó ń mu omi inú ọ̀rá láti àárọ̀ dalẹ́, tó wá ki ẹsẹ̀ bọ dáàmù láti ṣan abọ́ méjì, ó lè kó o bó ṣe dúró yẹn. Bóòhóòlù tó wà fún mímu nìkan ò lè dá a dúró.

Kí ló dé tí wọn ò kúkú fi omi bóòhóòlù fọṣọ? Dípò ká máa bèèrè, a ní kí àwọn ọ̀dọ́ méjì ará ibẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ti jáde ìwé mẹ́wàá àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀, lọ jókòó sábẹ́ igi létí omi, kí wọ́n máa kọ ẹni tó wọ omi, ohun tó wá ṣe, àti aago tó wọ̀ ọ́. Mo lè sọ pé iṣẹ́ táwọn ọmọ yẹn ṣe ṣe wá láǹfààní ju gbogbo ẹ̀rọ tá a gbé lọ. Àwọn apẹja ń bọ́ sínú omi ní ìdájí, wọ́n ń padà bí oòrùn bá yọ. Àwọn obìnrin ń dé láti nǹkan bí aago mẹ́wàá, wọ́n fẹ́ kí oòrùn mú kí aṣọ tètè gbẹ. Àwọn ọmọdé ń dé tí iléèwé bá ti parí, wọ́n á pọnmi, wọ́n á fọ abọ́, wọ́n á wá lúwẹ̀ẹ́ débi tójú wọn á fi pọ́n. Ní bóòhóòlù ńkọ́? Wọ́n ń dáwó epo jẹnẹrétọ̀, kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan lówó ẹ̀, omi ẹ̀ tún le, ọṣẹ ò hó nínú ẹ̀, tí wọ́n bá fi fọ aṣọ funfun, á dà bíi pé wọn ò fọ̀ ọ́. Létí dáàmù, ọ̀fẹ́ ni, òkúta wà, igi wà, ọṣẹ ń hó, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gbọ́ ta ló bímọ, ta ló kọ ọkọ. Obìnrin wo ló máa fi ìyẹn sílẹ̀?

Aago yẹn ló wá ta mí jí. Irú aràn yìí, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ló ń mú un jáde nínú ìgbín, ó máa ń pọ̀ jù lágbedeméjì ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí. Ìgbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ń tú sínú omi gan-an nìyẹn. Ká ní aago méje àárọ̀ ni iléèwé ń parí ni, ì bá má le tó bẹ́ẹ̀.

A wá lọ wá ìgbín. Bàtà róbà tó gùn dé itan la wọ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, ẹ má ṣe ki ọwọ́ lásán bọ irú omi yẹn. Ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ gúnlẹ̀, òkúta ni, ìgbì ń lu ibẹ̀, a ò rí nǹkan kan gúnmọ́. Ibi tí àwọn obìnrin ti ń fọṣọ ni wọ́n kún sí, lábẹ́ ewé òṣíbàtà, lára pòròpórò koríko tó wó sínú omi, lára àpò sìmẹ́ǹtì àtijọ́ kan pàápàá. Ìgbín omi oríṣiríṣi ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn kọ́ ló burú. Ẹ di ìkarahun ẹ̀ mú kí ṣóńṣó ẹ̀ kọjú sókè, kí ẹnu ẹ̀ kọjú sí yín: tí ẹnu náà bá wà lápá ọ̀tún yín, ẹ jù ú sílẹ̀, kì í ṣe òun. Tó bá wà lápá òsì, tí kò sì ní ìdérí tó fi ń ti ẹnu ẹ̀ pa, àfàìmọ̀ ni kò ní jẹ́ Bulinus lẹ mú dání yẹn, òun sì ni alágbàtọ́ àtọ̀sí ajá nílẹ̀ wa. Ọmọbìnrin tó ń kọ̀wé fún wa mọ̀ ọ́n yà sọ́tọ̀ láàárín ọjọ́ kan, ó wá ń kọ́ àbúrò ẹ̀.

A fi wọ́n sínú òkùnkùn di ọjọ́ kejì, a wá kó wọn sínú àwọn ife gíláàsì kéékèèké, ìgbín kan sí ife kan, omi tó mọ́ la bù sí i, a gbé wọn sínú oòrùn níwájú ilé Báálẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ife yẹn ò ṣe nǹkan kan, bó sì ṣe máa ń rí nìyẹn, ìgbín tó ní in lára kì í pọ̀, àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo tó bá ní in lè tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún jáde lóòjọ́. Nígbà tí oòrùn ti mú dáadáa, omi inú ife kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi pé èérún wà nínú ẹ̀. A fi aṣọ dúdú sẹ́yìn ẹ̀, a fún Báálẹ̀ ní gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá. Bàbá tẹjú mọ́ ọn. Àwọn nǹkan tínńtín, ìrù wọn la méjì, wọ́n ń jà ranyinranyin nínú omi.

"Ṣé èyí ló ń wọ àwọn ọmọ lára?"

"Òun ni, bàbá."

"Láìmu ún?"

"Láìmu ún, sà. Kó ṣáà ti kan awọ ara wọn."

Ìyá àgbà kan tó ti ń na ọrùn lẹ́yìn wa ló béèrè èyí tó ṣe pàtàkì jù: "Ta ló wá kó o sínú ìgbín?" Mo ní, "Àwa náà ni, màmá. Ìtọ̀ wa ni." Mo ṣàlàyé fún wọn pé ẹyin tó bá ìtọ̀ jáde, tó bá ti kan omi tútù, á là, ohun tó jáde nínú ẹ̀ ní wákàtí díẹ̀ láti wá ìgbín, tí kò bá rí irú ìgbín tirẹ̀, á kú. Tó bá rí i, á wọ inú ẹ̀ lọ, á máa bí sí i níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan láìní takọ tabo, ẹyọ kan tó wọlé á di ẹgbẹẹgbẹ̀rún kó tó jáde. Màmá yẹn bú sẹ́rìn-ín, ó kọjú sáwọn ọmọkùnrin tó yí wa ká, ó ní, "Ẹ ò gbọ́ tara yín? Ẹ̀yin lẹ̀ ń tọ̀ ọ́ sómi, ẹ tún ń lọ wẹ̀ ẹ́!" Ìbéèrè tó bi wa yẹn, ẹ má fojú kéré ẹ̀ o. Theodor Bilharz, dókítà ará Jámánì, ti rí aràn náà lára òkú ní Kairo ní 1851, ó di 1915 kí Robert Leiper tó fi hàn ní Íjíbítì pé inú ìgbín ló ń gbà kó tó dé ara èèyàn. Láàárín ìgbà náà, àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn ni.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún pe oògùn ní ayédèrú. Àmọ́ wàhálà míì dé, torí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ pa ìgbín. Ọ̀kan nínú wọn ní Gamalin, oògùn apakòkòrò, lòun máa dà sínú omi, ilẹ̀ kan péré ló máa mọ́ tí gbogbo ìgbín á ti kú. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹja náà á kú, ẹni tó jẹ ẹja náà ò sì ní gbádùn. A bẹ̀ ẹ́, Báálẹ̀ sì kìlọ̀ fún un. Oògùn ìgbín gidi wà, niclosamide, wọ́n ń lò ó níbi tí omi ò bá pọ̀, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò bá wà níbẹ̀, àmọ́ òun náà ń pa ẹja, dáàmù tí ìlú ń mu kọ́ lèèyàn á lọ máa dà á sí. Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ pa á, Bulinus jẹ́ takọtabo lára kan náà, ọ̀kan ṣoṣo tó bá ṣẹ́ kù lè kún ibẹ̀ padà. Àwọn kan tún ní ká dúró de ọ̀gbẹlẹ̀, pé tí omi bá fà, oòrùn á gbẹ wọ́n pa. Oòrùn ń pa púpọ̀ nínú wọn lóòótọ́, àmọ́ àwọn kan á ri ara wọn mọ́ inú ẹrẹ̀, wọ́n á sùn síbẹ̀ títí òjò á fi dé. Ọgbọ́n tí wọ́n ta ní Sẹ̀nẹ̀gà wù mí: dáàmù Diama ti dínà mọ́ edé ńlá inú odò tó ń jẹ ìgbín, torí omi oníyọ̀ létí òkun ni edé yẹn ti ń bí, nígbà tí àwọn olùwádìí wá kó edé padà síbi tí àwọn ará abúlé kan ti ń lo omi, àkóràn dín kù níbẹ̀. Wọ́n lè ṣe é torí wọ́n lówó, wọ́n sì ní ẹni tó ń tọ́jú edé. Àwa ò ní.

Ohun tá a ṣe ò ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òjò ló yanjú ọ̀rọ̀ ọṣẹ. Omi òjò ń hó ọṣẹ ju ti dáàmù pàápàá lọ, àwọn ará abúlé dáwó, wọ́n fi páànù gba omi orí òrùlé iléèwé àti ti mọ́ṣáláṣí sínú táǹkì, wọ́n wá da kọnkéré síbẹ̀ fún ìfọṣọ, wọ́n ṣe àtíbàbà lé e. Àtíbàbà yẹn ṣe pàtàkì, àwọn obìnrin ló ní kí wọ́n ṣe é, wọ́n ní àwọn ò lè máa fọṣọ nínú oòrùn bí ẹlẹ́wọ̀n. Bí òjò bá dá, tí táǹkì gbẹ, omi dáàmù ni wọ́n ń lò, àmọ́ wọ́n ń pọn ọ́n láàárọ̀ kùtùkùtù, wọ́n ń jẹ́ kó jókòó nínú dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n dé títí di ọ̀túnla kí wọ́n tó fi wẹ ọmọ, torí ohun tó jáde lára ìgbín kì í lè gbé tó ọjọ́ méjì tí kò bá rí èèyàn. Omi gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò sí ìgbín nínú ẹ̀ o, ẹ sẹ́ ẹ bẹ́ ẹ ṣe ń rọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù. Àwọn ọkùnrin fi réèkì fa òṣíbàtà àti koríko kúrò níbi tí wọ́n ti ń pọnmi, wọ́n ń ṣe é lóòrèkóòrè, torí ó ń hù padà. Wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá síwájú sí i ní iléèwé, ti obìnrin lọ́tọ̀.

Nígbà tó yá, ẹ̀jẹ̀ dín kù nínú ìtọ̀ àwọn ọmọ iléèwé, ó dín kù gan-an, àmọ́ kò tán, ìgbín tó ní aràn lára ṣì ń yọjú. Ó túmọ̀ sí pé àwọn kan ṣì ń tọ̀ ọ́ sómi. Èyí ló mú wa wo àwọn tí oògùn ò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Ọmọ iléèwé la máa ń fún ní oògùn. Ọmọ tí kò lọ sí iléèwé, tó ń bá bàbá ẹ̀ lọ sódò, kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tá a ń pín in. Àwọn ọmọ ọwọ́ tí ìyá ń fi omi dáàmù wẹ̀ nínú bàsíà létí omi, wọ́n kéré jù fún un nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ a yẹ ìtọ̀ wọn wò, a bá ẹyin nínú ti àwọn kan tí wọn ò tíì mọ̀rọ̀ọ́ sọ dáadáa. Àwọn apẹja ńkọ́, àwọn tó ń fi gbogbo ọjọ́ wà nínú omi? Kò sẹ́ni tó fún wọn ní hóró kan rí. Àwọn gan-an ni wọ́n ń gbé aràn kiri, aràn tó bá ti gbó lè wà lára èèyàn fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, kó máa yé ẹyin lójoojúmọ́, onítọ̀hún sì lè má rí ẹ̀jẹ̀ mọ́.

Inú mi dùn pé ìtọ́sọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2022 ti ní ká má dúró lórí ọmọ iléèwé mọ́, pé níbi tí àrùn bá ti gbilẹ̀, láti ọmọ ọdún méjì sókè títí dé àgbàlagbà ni kó gba oògùn. Oògùn tí wọ́n ṣe fún àwọn kéékèèké gan-an, arpraziquantel, àjọ tó ń rí sọ́rọ̀ oògùn ní Yúróòpù ti sọ ní December 2023 pé ó dáa. Níbi tí kò bá tíì dé, ẹ lọ hóró tàwọn àgbà fún wọn, ẹ fi nǹkan dídùn sí i torí ó korò.

Àwọn apẹja ló le jù. Ẹ sọ fún ẹni tó wà láàárín dáàmù pé kó wa ọkọ̀ padà wálé torí àtitọ̀, á rò pé orí yín dàrú. Olórí wọn sọ ọ́ fún wa láìfi bò, ó ní, "Ẹ fún wa lóògùn, a máa lò ó. Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ ná." A ò fi í sílẹ̀, àmọ́ a ò tún fagidi mú un. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé wákàtí díẹ̀ lohun tó là nínú ẹyin ní láti fi wá ìgbín, tí ìgbín sì wà létí omi nínú koríko, a bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe tọ̀ létí èbúté, tó bá di dandan, kó jẹ́ láàárín gbùngbùn lọ́hùn-ún níbi tó jìn, tàbí kí wọ́n gé kẹ́ẹ̀gì kan sínú ọkọ̀. Púpọ̀ wọn gbà ti gbùngbùn, ìwọ̀nba díẹ̀ ló gba ti kẹ́ẹ̀gì. Ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí àwọn àgbàlagbà àti ọmọ kéékèèké náà ti lo oògùn ni nǹkan tó wá wálẹ̀ gan-an, tísà sọ fún wa pé àwọn ọmọkùnrin ṣì ń díje ìtọ̀ lẹ́yìn ògiri, àmọ́ ẹni tí tiẹ̀ bá pọ́n ni wọ́n ń lé lọ sí sẹ́ńtà báyìí. Kò tíì tán o. Àwọn apẹja tuntun ń dé láti ibòmíì pẹ̀lú tiwọn lára, táǹkì kan ti ń jò, kánsù ò sì tíì fèsì ìwé tá a kọ.

Fún àwa tá a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ohun tí mo ń tẹnu mọ́ ni pé kẹ́ ẹ tó pinnu ohun tẹ́ ẹ máa ṣe, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń gba àrùn náà tọ́, ibi tó ń gbé, àti aago tó ń jáde. Nẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́ fún ibà torí òru ni ẹ̀fọn tó ń gbé e ń jẹni jù, àmọ́ kòkòrò dúdú kékeré tó ń gbé àrùn afọ́jú etí odò kiri, ọ̀sán ló ń jẹni, omi tó ń ṣàn kíkan ló sì ń yé sí. Dáàmù kan náà yìí, ibi tí omi ti dúró létí ẹ̀ á fún yín ní ìgbín, ibi tí omi ti ń ya wálẹ̀ lórí kọnkéré lè fún yín ní kòkòrò yẹn, abúlé méjì tí ò jìnnà síra wọn á sì ní àrùn méjì tí ọ̀nà wọn ò papọ̀ rárá. Ẹni tó bá gbé ètò ọ̀kan lọ síbi ìkejì ń fi owó ṣòfò.

Èyí tó kù kan àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí jù. Obìnrin kan ní abúlé yìí ti gba abẹ́rẹ́ àtọ̀sí láìmọye ìgbà lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, ojú ara ń yún un, ẹ̀jẹ̀ ń jáde tí òun àti ọkọ bá ti wà pọ̀, ilé ọkọ ti fẹ́ dàrú lórí pé ta ló kó o wálé. Ẹyin aràn yìí lè há sí ojú ara àti ẹnu ilé ọmọ, ó sì lè wà níbẹ̀ nígbà tí ìtọ̀ mọ́, tẹ́ẹ́sì ìtọ̀ ò ní mú nǹkan kan. Tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá wá bá yín, kẹ́ ẹ tó bi í ní ọ̀rọ̀ ọkọ, ẹ bi í pé odò wo ló ti ń fọṣọ láti kékeré. Nínú rẹ́jísítà tiwa, a ti fa ìlà méjì kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àti iye hóró oògùn: ibi tó ti ń wọ omi, àti aago tó ń wọ̀ ọ́.